Ìwé Oògùn Láti Ọwọ́ Dókítà Eyín: Ta Ló Lẹ́tọ̀ọ́ Láti Kọ Ọ́, Ta Ni Yóò Sì San Owó Rẹ̀?

Ẹ̀kọ́ fún ìpàdé àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní Òkè-Ìlá Ọ̀ràngún àti agbègbè rẹ̀

Nínú ìwé ìròyìn yìí, a sábà máa ń kọ́ ara wa nípa owó ìdá, èlé orí owó yíyá àti bí a ṣe ń tọ́jú ìwé ìṣirò. Lọ́tẹ̀ yìí, eyín la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé a ti yà kúrò lójú ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ eyín, ọ̀rọ̀ owó ni. Ọ̀rọ̀ owó ló sì kó wa jọ.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan bẹ̀rẹ̀. Ká ní àgbẹ̀ oníkòkó kan wà ní Òkè-Ìlá, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà. Ó yà sí ilé kẹ́míìsì, wọ́n po oògùn oríṣi mẹ́ta pọ̀ fún un nínú ọ̀rá kékeré. Ara tù ú fún ọ̀sẹ̀ kan. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ìrora padà dé. Ó tún rà, ó tún lò. Lẹ́yìn oṣù méjì, ó wá sí ìpàdé ẹgbẹ́ láti béèrè owó yíyá, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà ti di ti Òṣogbo tàbí Ilé-Ifẹ̀. Bí ẹ bá ṣírò gbogbo owó tó ti ná ní kẹ́míìsì, tí ẹ fi owó ọkọ̀ àti ọjọ́ oko tó ṣòfò kún un, ẹ ó rí i pé owó tó fi sá fún dókítà eyín lè pọ̀ ju owó tí ì bá san fún un ní ọjọ́ àkọ́kọ́ lọ.

Kí irú èyí má bàa máa ṣẹlẹ̀ sí wa, ìbéèrè mẹ́ta la ó dáhùn. Ta ni òfin gbà láyè láti kọ ìwé oògùn eyín? Ta ni yóò san owó oògùn náà? Kí ni ẹgbẹ́ wa lè ṣe sí i?

APÁ KÌÍNÍ: TA LÓ LÈ KỌ ÌWÉ OÒGÙN?

Àwọn kan máa ń rò pé dókítà eyín kì í ṣe dókítà gidi, pé iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó yọ eyín lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́fà ni ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ fi ń kọ́ iṣẹ́ náà ní yunifásítì ní Nàìjíríà, yóò sì tún fi ọdún kan ṣiṣẹ́ lábẹ́ àwọn àgbà nínú ilé ìwòsàn kó tó lè dá dúró. Ìgbìmọ̀ kan náà tó ń forúkọ àwọn dókítà sílẹ̀ ló ń forúkọ àwọn dókítà eyín sílẹ̀. Orúkọ ìgbìmọ̀ náà ni Medical and Dental Council of Nigeria. Òfin tí ó ń tọ́ iṣẹ́ méjèèjì ti wà láti ọdún 1963, wọ́n sì tún un ṣe ní 1988. Lọ́dọọdún ni dókítà eyín gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ rẹ̀ tuntun. Ẹni tó bá ní ìwé àṣẹ yìí lọ́wọ́, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni láti kọ oògùn fún aláìsàn tó ń tọ́jú, apoògùn yóò sì fi ìwé náà ta oògùn.

Àwọn òṣìṣẹ́ mìíràn wà nídìí eyín tí iṣẹ́ wọn níyì, ṣùgbọ́n tí ààlà wà fún un. Àwọn kan ń fọ eyín, wọ́n ń kọ́ àwọn èèyàn ní ìtọ́jú ẹnu; àwọn kan sì ń ṣe eyín àtọwọ́dá. Ìgbìmọ̀ ọ̀tọ̀ ló ń forúkọ wọn sílẹ̀. Ẹni tó ń ṣe eyín àtọwọ́dá kò lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ oògùn. Ní ilé ìwòsàn alábọ́dé ti ìjọba ìbílẹ̀, òṣìṣẹ́ ìlera a máa ní ìwé ìlànà kan lọ́wọ́, èyí tó ń sọ fún un oògùn tó lè fún aláìsàn àti ìgbà tó gbọ́dọ̀ ní kí ó lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Oníkẹ́míìsì ní tirẹ̀, oògùn tí a lè rà láìsí ìwé dókítà ni òfin gbà á láyè láti tà. Oògùn tó ń pa kòkòrò àìfojúrí, irú bí amoxicillin tàbí Ampiclox, kò sí nínú rẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀ pé wọ́n ń tà á. Pé wọ́n ń tà á kò sọ ọ́ di ohun tó bófin mu.

Kí nìdí tí òfin fi le tó bẹ́ẹ̀? Ìdí kìíní ni pé oògùn kan náà kì í bá gbogbo ara mu. Ẹlòmíràn wà tí amoxicillin lè mú kí ara rẹ̀ wú, kó má lè mí mọ́. Ẹni tó ní ọgbẹ́ inú kò gbọdọ̀ máa ṣèèṣì lo ibuprofen. Bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́jọ bá lo tetracycline, eyín tó ń dàgbà nínú erìgì rẹ̀ lè pọ́n kó sì dúdú títí ayé. Bákan náà ni ti ọmọ inú aboyún. Kódà paracetamol tí gbogbo wa fojú kéré, bí àgbàlagbà bá lò ju ẹyọ mẹ́jọ ti 500mg lọ láàrin ọjọ́ kan, ó lè ba ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́. Dókítà eyín máa ń béèrè àwọn nǹkan wọ̀nyí kó tó kọ̀wé. Ẹni tó po oògùn sínú ọ̀rá fún wa kò béèrè.

Ìdí kejì ṣe pàtàkì jù. Oògùn kì í dí ihò eyín. Bí eyín bá ti jẹrà dé gbòǹgbò, tí ọyún sì ti kó sábẹ́ rẹ̀, oògùn lè mú kí wíwú náà rọlẹ̀, ṣùgbọ́n ilé tí àìsàn ń gbé ṣì wà níbẹ̀. Ọwọ́ dókítà ni yóò tú ọyún náà jáde, tí yóò dí eyín náà tàbí kó yọ ọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, bí a bá ti ṣe èyí dáadáa, aláìsàn kò ní nílò oògùn apakòkòrò rárá; oògùn ìrora fún ọjọ́ díẹ̀ á tó o. Nítorí náà, ẹ má bínú bí dókítà eyín bá tọ́jú yín tán tí kò kọ oògùn rẹpẹtẹ. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Bí a bá sì ń lo oògùn apakòkòrò lásán, àwọn kòkòrò náà á mọ̀ ọ́n lójú, kò ní ràn wọ́n mọ́ ní ọjọ́ tí a bá nílò rẹ̀ ní tòótọ́.

Àpẹẹrẹ búburú kan wà tí Nàìjíríà kò gbọdọ̀ gbàgbé. Ní ìparí ọdún 2008, omi oògùn kan tí wọ́n ń pè ní My Pikin wà lọ́jà. Àwọn ìyá ń rà á fún ọmọ ọwọ́ tí eyín ń hù. Májèlé kan tí wọ́n ń pè ní diethylene glycol ti wọ inú rẹ̀. Kíndìnrín àwọn ọmọ náà daṣẹ́ sílẹ̀. Ó kéré tán, ọmọ mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ló kú. Ẹ̀bi àwọn ìyá kọ́. Oògùn náà ní àmì àṣẹ lára. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan wà ńbẹ̀ fún wa: eyín híhù kì í ṣe àìsàn. Bí ara ọmọ bá gbóná gan-an tàbí tó ń yàgbẹ́ gbuuru nígbà tí eyín ń hù, ohun mìíràn ló ń ṣe é, ilé ìwòsàn ló yẹ ká gbé e lọ.

A ní láti fi ìkìlọ̀ kan síbí. Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tàbí abẹ́ àgbọ̀n bá wú, tí ẹnu kò ṣeé là dáadáa, tí itọ́ ṣòro láti gbé mì tàbí mímí di ìṣòro, ẹ má dúró de ọjọ́ ìpàdé, ẹ má sì yà sí kẹ́míìsì. Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Wíwú bẹ́ẹ̀ lè dí ọ̀nà èémí láàrin wákàtí díẹ̀. Ẹ gbé ẹni náà lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ òru.

APÁ KEJÌ: TA NI YÓÒ SAN OWÓ RẸ̀?

Ìwé oògùn láìsí owó, bébà lásán ni. Àwọn àgbà àárín wa yóò rántí pé láàrin ọdún 1979 sí 1983, nígbà tí Òkè-Ìlá ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́, tí Bọ́lá Ìgè jẹ́ gómìnà, ìwòsàn ọ̀fẹ́ jẹ́ ọ̀kan nínú ètò mẹ́rin tí ẹgbẹ́ òṣèlú UPN ṣèlérí. Ìjọba ló gbé ẹrù náà lórí. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n ohun tí ìjọba kan gbé lé orí, ìjọba mìíràn lè sọ ọ́ kalẹ̀. Ìjọba alágbádá dópin ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1983, owó sísan sì padà sí ilé ìwòsàn ìjọba ní àwọn ọdún tó tẹ̀lé e.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1987, àwọn mínísítà ìlera ilẹ̀ Áfíríkà pàdé ní Bàmákò, ní ilẹ̀ Mali. Wọ́n fẹnu kò lórí ọ̀nà mìíràn, Nàìjíríà náà sì tẹ̀ lé e nígbà tí Olikoye Ransome-Kuti jẹ́ mínísítà ìlera. Ọ̀nà náà jọ iṣẹ́ ẹgbẹ́ wa púpọ̀. Ìjọba tàbí olùrànlọ́wọ́ yóò fún ilé ìwòsàn ní oògùn àkọ́kọ́. Ilé ìwòsàn yóò tà á fún aláìsàn pẹ̀lú èrè díẹ̀, yóò sì fi owó náà ra òmíràn, kí owó náà lè máa yí po láìdúró.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe akápò rí yóò tètè rí ibi tí ewu wà. Ká ní owó oògùn jẹ́ ₦100,000, tí a sì fi 10% lé e. Bí gbogbo rẹ̀ bá tà, ₦110,000 la ó ní. Bí iye owó oògùn ní ọjà bá ti fi 30% lọ sókè kí a tó padà lọ rà, ₦130,000 la nílò kí a tó lè ra iye tí a rà tẹ́lẹ̀. Owó náà kò sọnù, kò sẹ́ni tó jí i, síbẹ̀ pẹpẹ oògùn ti ń ṣófo. Èyí kì í ṣe àlá. Ní 2023, lẹ́yìn tí náírà já wálẹ̀ ní oṣù Kẹfà, tí ilé-iṣẹ́ GSK sì kéde ní oṣù Kẹjọ pé òun ń kógbá sílé ní Nàìjíríà, iye owó Augmentin àti Ampiclox fò sókè lójú gbogbo wa. Ewu kejì ni pé bí ilé ìwòsàn bá ń jẹ èrè lórí oògùn, ó lè máa wù ú láti kọ èyí tí aláìsàn kò nílò. Ewu kẹta ni pé ẹni tí kò ní kọ́bọ̀ kò ní rí oògùn rà, bó ti wù kí èrè náà kéré tó.

Ọ̀nà kẹta ni adójútòfò ìlera. Ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò náà fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 2005. Nínú ohun tí ètò náà gbà láti san láti ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ eyín wà níbẹ̀: rírí dókítà, ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ẹnu, dídí ihò eyín, yíyọ eyín tí kò le, àti oògùn ìrora. Eyín àtọwọ́dá kò sí nínú rẹ̀. Ní ti oògùn, 10% ni ẹni tó forúkọ sílẹ̀ ń san. Bí oògùn bá jẹ́ ₦8,000, ₦800 ni yóò mú wá láti àpò ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n oògùn náà gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé tí ètò náà fi to orúkọ oògùn. Bí dókítà bá kọ èyí tí kò sí níbẹ̀, gbogbo owó rẹ̀ ni aláìsàn yóò san.

Ẹ kíyè sí èyí dáadáa, nítorí òun ni gbòǹgbò ẹ̀kọ́ wa. Ẹ̀tọ́ láti kọ oògùn jẹ́ nǹkan kan. Ẹ̀tọ́ pé kí owó àjọni ran oògùn náà lọ́wọ́ jẹ́ nǹkan mìíràn. Bẹ́ẹ̀ ló rí ní ilẹ̀ òkèèrè pàápàá. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù lè jẹ́rìí sí i. Dókítà eyín tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ètò ìlera ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 5 oṣù Keje ọdún 1948, ní ìwé kan tó to orúkọ oògùn tó lè kọ lábẹ́ ètò náà. Ní 2024, £9.90 ni aláìsàn ń san ní England lórí oògùn kọ̀ọ̀kan, ohun yòówù kí iye rẹ̀ jẹ́; ọmọdé, aboyún àti ẹni tó ti pé ọgọ́ta ọdún kì í san nǹkan kan. Ní Scotland àti Wales, ọ̀fẹ́ ni fún gbogbo èèyàn. Bí dókítà eyín bá kọ oògùn tí kò sí nínú ìwé rẹ̀, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n aláìsàn ni yóò san gbogbo owó. Ní Ọsirélíà náà, ìwé oògùn ti àwọn dókítà eyín yàtọ̀, ó sì kéré ju ti àwọn dókítà yòókù lọ. Orí àwọn tó wà nínú rẹ̀ nìkan ni owó ìrànwọ́ ìjọba ń dé.

Ní ilé wa níbí, òfin ìlera ti ọdún 2014 ní kí ìjọba àpapọ̀ máa yọ ó kéré tán 1% nínú àpapọ̀ owó tó ń wọlé fún un sọ́tọ̀ fún ìlera alábọ́dé. Òfin náà pín in: ìdajì fún adójútòfò, 20% fún oògùn tó ṣe kókó, ìyókù fún ilé àti irinṣẹ́, òṣìṣẹ́, àti ìtọ́jú pàjáwìrì. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022, òfin tuntun sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ẹni tó ń gbé Nàìjíríà, ó sì dá owó kan sílẹ̀ láti ran aláìní, àgbàlagbà, aboyún àti ọmọ kékeré lọ́wọ́. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní ètò tirẹ̀, tí a mọ̀ sí O-HIS. Kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba nìkan ni òfin ń bá wí mọ́. Àgbẹ̀, oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́ wà nínú rẹ̀.

Ohun rere kan tún ṣẹlẹ̀ ní 2021. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, tó ti ń tẹ ìwé oògùn tó ṣe kókó jáde láti 1977, ya apá kan sọ́tọ̀ nínú rẹ̀ fún eyín. Wọ́n fi ọṣẹ ìfọyín tó ní fluoride síbẹ̀, pẹ̀lú ohun tí a fi ń dí ihò eyín àti omi oògùn kan tí a ń fi kun eyín kí jíjẹrà rẹ̀ lè dúró. Ìwé yìí ni àwọn ìjọba ń wò bí wọ́n bá ń ṣe tiwọn. Bí wọ́n bá ní oògùn eyín kò ṣe kókó, a ti ní èsì lẹ́nu.

APÁ KẸTA: KÍ NI ẸGBẸ́ WA LÈ ṢE?

Kìíní, ẹ jẹ́ ká wọ ètò adójútòfò lẹ́gbẹẹgbẹ́. Ẹni kan ṣoṣo lè gbàgbé láti san owó rẹ̀. Ẹgbẹ́ lè máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú owó ìdá oṣooṣù, kí akọ̀wé sì san án pa pọ̀. Kí a tó san kọ́bọ̀, kí a rán ẹni mẹ́ta lọ béèrè: Irú ìtọ́jú eyín wo ni ètò yìí gbà? Ibo ni dókítà eyín tí a ó máa rí wà? Oògùn wo ló wà nínú ìwé yín, èló la ó sì san lórí rẹ̀? Kí wọ́n gba èsì náà ní kíkọ sílẹ̀.

Ìkejì, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ya owó pàjáwìrì ìlera sọ́tọ̀, kí ó má pò mọ́ owó yíyá fún òwò. Owó ọkọ̀ láti Òkè-Ìlá gba Ìlá àti Òṣogbo dé ilé ìwòsàn eyín ní Ilé-Ifẹ̀ kì í ṣe kékeré, adójútòfò kì í sì í san owó ọkọ̀. Kí alága, akọ̀wé àti akápò ní àṣẹ láti yá ọmọ ẹgbẹ́ lówó yìí ní ọjọ́ tó bá béèrè. Kí ẹni náà mú ìwé oògùn àti rìsíìtì padà wá.

Ìkẹta, kí ẹgbẹ́ wa má ṣe sọ ara rẹ̀ di oníkẹ́míìsì. A mọ̀ pé àwọn kan ti dá a lábàá pé kí a ra oògùn eyín lọ́pọ̀ kí a máa pín in. Ìfẹ́ ló wà nídìí rẹ̀, ṣùgbọ́n òfin kò gbà á, ewu rẹ̀ sì pọ̀. Ìka tó bá tọ́ sí imú la fi ń ro ó. Ohun tí a lè rà lọ́pọ̀ ní owó pọ́ọ́kú ni ọṣẹ ìfọyín tó ní fluoride, kí a tà á fún ọmọ ẹgbẹ́ láìjèrè. A kò ní kí ẹnikẹ́ni ju orin rẹ̀ nù. Bí ẹ bá run orin láàárọ̀, ẹ fi ọṣẹ fọ eyín lálẹ́ kí ẹ tó sùn.

Ìkẹrin, ẹ máa lọ sí ìpàdé ìgbìmọ̀ ìlera wọ́ọ̀dù yín. Ẹ béèrè oògùn tó dé àti èyí tó tán. Ẹ béèrè ìgbà tí dókítà eyín lè máa wá sí Òkè-Ìlá, bó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lóṣù. Ohùn ẹnì kan kì í dún. Ohùn ẹgbẹ́ mẹ́wàá tó bá fọwọ́ sí lẹ́tà kan, wọ́n á kà á.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Èló ni ọmọ ẹgbẹ́ wa ná sórí eyín dídùn lọ́dún tó kọjá? Mélòó nínú wọn ló rí dókítà eyín?
2. Kí ni ìyàtọ̀ tó wà láàrin ẹ̀tọ́ láti kọ oògùn àti ẹ̀tọ́ láti rí owó ìrànwọ́ gbà lórí rẹ̀?
3. Nínú ìwòsàn ọ̀fẹ́, owó oògùn tó ń yí po, àti adójútòfò, èwo ló lè pẹ́ jù? Kí nìdí?
4. Bí ọmọ ẹgbẹ́ kan bá nílò owó láti lọ rí dókítà eyín lọ́la, ọjọ́ mélòó ni yóò gba ẹgbẹ́ wa láti fún un?

Kí akọ̀wé kọ èsì ìbéèrè kẹrin sílẹ̀, kó kà á sókè ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e. Bí èsì náà bá ju ọjọ́ kan lọ, iṣẹ́ ṣì kù fún wa láti ṣe. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ire o.